Àga Onítáyà Ńlá Ni Mo Mú

Hashim,

Tí o bá dé tí o ò bá mi nílé, má pariwo. Mo ti gba àga onítáyà náà ní ọsibítù Igbóbì láàárọ̀ yìí. Èyí tó ń dán tí o fẹ́ràn yẹn, táyà rẹ̀ kéré, àfi kí ẹnìkan máa tì í. Ọdún méjì tí mo fi ń retí kí ẹ gbé mi jáde ti tó. Táyà tèmi ga, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń yí i. Ìborùn mi ni mo fi wọn ẹnu ọ̀nà kí n tó yàn án, ó sì wọlé wẹ́rẹ́.

Ẹ̀wà wà lórí sítóòfù. Mo ti lọ tò fún mílíìkì ní Ladi-Lak. Àwọn ṣọ́jà tó ń mójú tó títà rẹ̀ ní gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ dúró lórí ìlà. Lónìí, èmi nìkan ló máa jókòó.

Ìyá rẹ