Oògùn Aago Mẹ́jọ Alẹ́

Nasiba, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ilé wa ní Urgut. Bá mi kí olùkọ́ rẹ, àti ọmọbìnrin tí ẹ jọ ń gbé yàrá. Bàbá rẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, ìyá rẹ náà ti lọ bá a. Màlúù wa bímọ. Orúnkún ń dùn mí. Èmi nìkan ló ń jẹun, ṣùgbọ́n àwo méjì ni mo ṣì ń gbé kalẹ̀.

O ní oògùn ọpọlọ yẹn ń mú kí oorun máa kùn ọ́, pé o fẹ́ dá a dúró títí ìdánwò ẹ̀kọ́ dókítà tí ò ń kọ́ yóò fi parí. Má dán an wò! Nígbà tí o dá a dúró lẹ́ẹ̀kan, àwọn ohùn tí ìwọ nìkan ń gbọ́ yẹn padà wá, ọjọ́ mẹ́ta la fi wá ọ.

Hosiyat aládùúgbò wa ní, "Ìyá àgbà, ẹni tórí ẹ̀ ò pé, ta ló fẹ́ tọ́jú ẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni. Tí àìsàn bá dé sí ìwọ, lọ bá ewúrẹ́ ẹ kó tọ́jú ẹ."

Èmi náà lágídí. Inú àpò ìyẹ̀fun ni mo ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sí látèṣí, mo ní ara mi le. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń lò ó, ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí o máa ń lo tìrẹ.

Bí ẹ̀kọ́ náà bá fi ọdún kan pẹ́, kó pẹ́. Búrẹ́dì tí o bù jẹ lọ́jọ́ tí ò ń lọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, ṣì wà lórí ìṣó lára ògiri, ó ń dúró kí o wá jẹ ẹ́ tán.

Fi abẹ́rẹ́ aránṣọ olójú ńlá ránṣẹ́ sí mi. Ọlọ́run á fún ọ ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Aago mẹ́jọ o, Nasiba. Má jẹ́ kí n dá a lò.

Ìyá àgbà rẹ