Ibà Tó Pa Sahala

Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú ètò rédíò wa. Etí adágún Toba ni mo ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Mo fẹ́ kọ ìtàn ìdílé wa sílẹ̀. Bàbá àgbà sọ fún mi pé ibà ló pa Sahala, àbúrò wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a hú egungun àwọn òkú wa láti kó wọn sí ibojì olókùúta, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú wa. Èmi ni mo fi omi atalẹ̀ pupa wẹ agbárí Sahala. Àdá ti là á láti ẹ̀yìn.

Mo ní, "Bàbá, ibà wo ló ń mú àdá dání?"

Bàbá àgbà fi ọkọ́ ṣẹ́ mi lápá ọ̀tún. "Ibà náà rèé. Ṣé kó pa ìwọ náà ni?"

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ̀wé báyìí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibà ni?