Àkùkọ Mẹ́ta Tí Kò Rántí

Agbo Ilé Àdìó,
Ìrémọ, Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, 1986.

Fúnlọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú òtútù ilẹ̀ òyìnbó. Mo gbàdúrà pé kí ara rẹ le, kí oúnjẹ wọn sì máa bá ọ lára mu. Tèmi, mo wà láàyè. Orúnkún ń dùn mí, àtẹ̀gùn ẹ̀ka wa ní yunifásítì sì dà bí ẹni ń ga sí i lójoojúmọ́, àbí èmi ni mò ń kúrú, mi ò mọ̀. Àmọ̀kẹ́ ìyàwó mi ní kí n kí ọ kú àárò ilé.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. O ní nínú àkùkọ mẹ́fà tí èmi àti ìwọ jọ tọ́jú, mẹ́ta kò ṣe bí o ṣe retí, ọ̀gá rẹ lọ́hùn-ún sì ti ní kí o pa ọ̀rọ̀ náà tì. O ní iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ti wọmi, pé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o kó ẹrù rẹ wálé. Má kó ẹrù kankan. Èmi ni mo jẹ̀bi, bó ṣe jẹ́ ni mo sì fẹ́ sọ fún ọ yìí.

Mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń tọ́jú ẹran fún àwọn olùwádìí, ìwọ nìkan lo sì jókòó ṣàlàyé ohun tí a ń fi ẹran ṣe fún mi. O ní jíìnì tí a fi ń ṣe pupa ẹyin wà lára àkùkọ náà, inú gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n wọ́n ká a mọ́ra bí òwú tí a ká mọ́ igi, kò sí ohun tó lè dà á kọ. Bí a bá gún àkùkọ ní oògùn ara abo, oògùn á wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, á bá ohun tó ń dúró dè é níbẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ lọ jókòó ti jíìnì yẹn, òwú á tú, àdàkọ á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ akọ á wá máa ṣe iṣẹ́ abo. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo ní, “Ọmọ yìí, àkùkọ wo ló ń yé?” O ní, “Bàbá, kò ní yé. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á kàn máa ṣe é sínú ẹ̀jẹ̀ ni.”

Ohun tí o ń wá gan-an ni pé, bí oògùn bá tán, tí àdàkọ sì dúró, ṣé ẹ̀dọ̀ á rántí? O ní òwú yẹn kì í padà ká le bíi ti àkọ́kọ́, pé bí a bá gún un lẹ́ẹ̀kejì, kíá ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta rántí. Mẹ́ta lọ́ra bí ẹni tí kò rí oògùn náà rí láyé rẹ̀.

Wọn ò rí i rí lóòótọ́. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n ti iléèwé pa, o sì lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ. Kò sí oúnjẹ ẹran, kò sí omi, ni mo bá kó àkùkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá sí Ìrémọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan mo lọ kírun. Kí n tó dé, àwọn ẹbí ẹni tó fẹ́ fẹ́ Ṣàkírátù ọmọ mi ti ya wọlé láti Ẹdẹ, wọ́n ní àwọn wá mọ ilé àna. Wọn ò ránṣẹ́ ṣáájú. Kí ni kí Àmọ̀kẹ́ ṣe? Àkùkọ funfun mẹ́fà ń kọ lágbàlá, kò lè gbé ọbẹ̀ lásán síwájú àna. Ó ní kí aládùúgbò wa bá òun dúńbú mẹ́ta. Nígbà tí mo fi dé, wọ́n ti bu oúnjẹ. Mo rí òrùka ẹsẹ̀ wọn mẹ́ta, tí a kọ nọ́ńbà sí, lẹ́bàá ààrò. Bí mo bá sì pariwo níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ mi bàjẹ́ nìyẹn. Mo jókòó, mo fọwọ́, mo jẹ itan kan. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn.

Lọ́jọ́ kejì mo ra àkùkọ òyìnbó funfun mẹ́ta ní ọjà Ẹnuwá, mo fi òrùka náà sí wọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí o padà dé, o kà wọ́n, wọ́n pé. O ní, “Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ò jẹ́ kí ọ̀kan kú.” Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, kí a tó gún wọn lẹ́ẹ̀kejì, kí o sì tó kó ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ òyìnbó. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́tùn-ún lósì, ó sì ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, o kọ̀wé bi mí bóyá gbogbo wọn la gún nígbà àkọ́kọ́. Mo fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la gún. Òótọ́ ni mo kọ, irọ́ ni mo pa. Ó ti rẹ̀ mí, Fúnlọ́lá, ju bí iṣẹ́ ṣe ń rẹ ènìyàn lọ.

Láàárọ̀ yìí mo lọ bá olórí ẹ̀ka wa, mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀, mo sì kó kọ́kọ́rọ́ ilé ẹran lé orí tábìlì rẹ̀. Kò bínú. Ó ní kí n lọ máa sinmi nílé ná.

Fi lẹ́tà yìí han ọ̀gá rẹ, mo ti fọwọ́ sí i. Nínú èyí tí o kọ sí mi, o ò sọ nọ́ńbà òrùka àwọn àkùkọ tó lọ́ra, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ wọ́n. Àwọn ará Ẹnuwá ló wọ òrùka kìíní, ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Ẹ jọ ṣí ìwé rẹ wò. Bó bá jẹ́ àwọn náà ni, a jẹ́ pé kò sí ọ̀kan nínú tìrẹ tó gbàgbé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àárẹ̀ ọ̀nà yìí já sófo. Kó fi ojúure àwọn olùkọ́ rẹ bá ọ pàdé, kó sì dá ọ padà fún wa ní àlàáfíà.

Èmi ni bàbá rẹ níbi iṣẹ́,
Babalọlá Àdìó.

Àfikún: Bí o bá fẹ́ fèsì, Ìrémọ ni kí o kọ ọ́ sí. Má kọ ọ́ sí ẹ̀ka wa mọ́.