Mo Gba Orí Ọ̀sà Lọ Láti Sọ Pé Rárá

Ilé Akínbọ́lá,
Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Tiwalọpẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí òjò ti dáwọ́ dúró báyìí, tí eruku sì ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀. Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù tó máa ń dà ọ́ láàmú ní Àbújá lásìkò yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Orúnkún tó ń dùn mí ti fúyẹ́, mo sì ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìdi ẹnikẹ́ni mú. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí ó sì bá ọ lásìkò tí inú rẹ bá rọ̀ díẹ̀.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù náà ni kò ṣe wá lóore. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, mi ò tíì parí gbólóhùn kan tí o fi bú sẹ́kún, ni èmi náà bá bẹ̀rẹ̀, ni o bá pa fóònù. Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹnì kejì lẹ́nu. Ìfẹ́dayọ̀, ọmọ àbúrò bàbá rẹ, ń padà sí Àbújá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó bá mi mú un dání.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Bẹ̀llò ni. Jọ̀ọ́, má tíì ká ìwé náà. O mọ̀ ọ́n: òun ló ń ṣe àga onítìmùtìmù ní Ṣàgámù, nítòsí ibi tí ọ̀nà Ìbàdàn àti ọ̀nà Ọrẹ ti pàdé. Òun ló pààrọ̀ aṣọ àti fóòmù àwọn àga pálọ̀ wa lọ́dún tó kọjá. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti wà nílé wọn. Lẹ́yìn tó parí iṣẹ́ àga, ó ṣì ń yà kí mi bó bá ti ń kọjá lọ sí Ìlíṣàn, títí tó fi di ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ tó sọ fún mi pé òun fẹ́ kí àwa méjèèjì jọ lo ìyókù ayé wa. Nígbà tí mo sọ fún ọ, ohun tí o wí ni pé, "Mọ́mì, Mùsùlùmí! Nínú ilé Dádì!" Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi. Mo rò ó títí, mo sì pinnu pé màá sọ fún un pé rárá.

Ṣùgbọ́n ó ti sọ nípa mi fún ìyá rẹ̀, arúgbó náà sì ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí mi. Abúlé etí omi kan tí wọ́n ń pè ní Ẹbúté Alágbọn ló ń gbé, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló sì ń débẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Mo wò ó pé kò yẹ kí n fi "rárá" rán ẹlòmíì sí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo bá se ìkọ́kọrẹ́ kún kúlà ńlá tí a máa ń gbé lọ síbi ìkórè, mo rọ́ panla àti ẹja gbígbẹ sínú rẹ̀, mo sì múra láàárọ̀ Sátidé tó kọjá. Ọ̀gbẹ́ni Bẹ̀llò fi mọ́tò rẹ̀ wá gbé mi. A gba Ìlíṣàn, a gba Ìjẹ̀bú-Òde, a sì dé Ẹ̀pẹ́ kí oòrùn tó mú.

O mọ̀ pé ẹ̀rù omi máa ń bà mí. Odò kékeré téèyàn lè fẹsẹ̀ là kọjá lèmi mọ̀ láti kékeré. Nígbà tí mo rí ọ̀sà yẹn bó ṣe tẹ́ lọ salalu tí ojú ò tó ìparí rẹ̀, ni mo bá fà sẹ́yìn. Hàbíbátù, àbúrò Ọ̀gbẹ́ni Bẹ̀llò, ló ni ọkọ̀ tí a fẹ́ wọ̀. Obìnrin ni o! Láti ìgbà tí àìsàn ti dá ọkọ rẹ̀ jókòó ló ti ń fi ọkọ̀ náà kó èrò àti ẹrù. Ó ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ fún mi lọ́wọ́. Ẹ má wo omi, ojú mi ni kí ẹ máa wò." Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi kì í ṣe ìyàwó wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ni mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún mi, ó sì so okùn rẹ̀ nídìí bí ẹni ń múra fún ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé.

A kò sáré rárá. Hàbíbátù ní kò sí ẹni tó ń lé wa, pé kí n fojú jẹun. Ó ń tọ etí ọ̀sà lọ jẹ́jẹ́. Mo rí àwọn ilé tí wọ́n fi òpó gbé sókè lórí omi, aṣọ fífọ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé. Mo rí obìnrin kan tó ń dá wa ọkọ̀, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ìgò epo àti ọṣẹ níwájú rẹ̀, tó ń kiri ọjà láti ilé dé ilé bí àwa ṣe ń kiri lójú títì. Àwọn lékeléke tò sórí òpó àwọn apẹja, wọn ò tilẹ̀ wojú wa. Nígbà tó yá, ọkọ̀ oníyanrìn kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, yanrìn kún inú rẹ̀ tó fi kù díẹ̀ kí omi wọlé, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ. Àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n rán pọ̀ tí wọ́n fi ṣe aṣọ tó gba atẹ́gùn. Ọ̀gbẹ́ni Bẹ̀llò tẹjú mọ́ ojú rírán rẹ̀ títí tó fi kọjá. Ó ní, "Iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn. Aṣọ ọkọ̀ ló ń rán. Orí rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú, kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ àga." Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo bó ṣe ń wá sílé wa tó, mi ò bi í rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, a yà sínú omi tóóró kan tí igi ọ̀gọ̀rọ̀ bò lápá méjèèjì, tí òjú-oró àti òṣíbàtà sì tẹ́ sójú rẹ̀ bí ẹní. Ibẹ̀ ni ewé ti lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Mo ké pe Jésù sókè. Hàbíbátù kò tilẹ̀ dìde kíákíá. Ó gbé ẹ́ńjìnì sókè, ó mú ọ̀bẹ, ó ń gé ewé náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kọrin lábẹ́nú. Ọ̀gbẹ́ni Bẹ̀llò mú ọ̀pá gígùn kan, ó rọra ń fi ti ilẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa yí. Kò sí ariwo kankan mọ́. Omi ń lu ara pákó pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, òórùn ewé tútù sì gba gbogbo ibẹ̀. Tiwa, mo rántí bàbá rẹ níbẹ̀, kò sì dùn mí. Láti ìgbà tó ti lọ, bí mo bá rántí rẹ̀, ńṣe ni mo máa ń sáré wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn ń rò ó pé ìbá fẹ́ràn ibí yìí, ìbá sì ti bọ́ bàtà rẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì tún dún ni mo tó mọ̀ pé mo ti gbàgbé láti máa bẹ̀rù.

Màmá Sàfúrátù, ìyá wọn, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú bí abẹ. Ó jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń já orí edé. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fọwọ́ kan orí mi, ó kan èjìká mi, ó sì béèrè ohun ńlá tó gbọ́ tí wọ́n ń gbé wọlé. Mo ní ìkọ́kọrẹ́ ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá lo wá sọ nìyẹn. Obìnrin tó fẹ́ gbà kì í gbé oúnjẹ tó tó báyìí wá. Àforíjì lo wá tọrọ."

Ojú tì mí. Ọ̀gbẹ́ni Bẹ̀llò yíjú sí mi, mo sì rí i pé kò fura rárá. Mo wá sọ òótọ́. Mo ní, "Màmá, ọmọ mi kò fẹ́." Ó ní, "Ọmọ mélòó?" Mo ní ọ̀kan ṣoṣo. Ó mi orí, ó tún já orí edé díẹ̀ sí i kó tó sọ̀rọ̀.

Ohun tó sọ nìyí, bí mo ṣe gbọ́ ọ. "Nígbà tí bàbá wọn kú, mi ò tíì dàgbà. Ọkùnrin kan wà tó ń ra àgbọn lọ́wọ́ wa, Ṣọlápé lorúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ mi, èmi náà fẹ́ ẹ. Èyí tó jókòó yìí ló kọ̀." Ó tọ́ka sí Ọ̀gbẹ́ni Bẹ̀llò. "Ó ní ọkùnrin kankan kò ní wọ ilé bàbá òun. Ó gbé àjẹ̀ ọkùnrin ọlọ́kùnrin sọ sínú ọ̀sà. Mo bá jáwọ́. Ṣọlápé kó lọ sí òdìkejì omi. Tó bá di ọjọ́ ọjà, mo máa ń rí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, títí tó fi di pé mi ò rí i mọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Bẹ̀llò, àgbàlagbà ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti funfun, dorí kodò bí ọmọdé. Ó ní, "Màmá, mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ ẹ." Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "O ò bi mí."

Mo bi í bóyá inú ṣì ń bí i. Ó ní, "Sí ọmọ mi kẹ̀? Rárá o. Ó ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀ ni, kò rántí pé èmi ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ máa ń gùn létí omi níbí, ọmọ mi. Ó máa ń gùn gan-an." Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n bu oúnjẹ. Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi, ó tún béèrè fún òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó bi mí pé ìsìn mi ńkọ́. Mo ní màá máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mi títí màá fi kú. Ó ní, "Ó dáa. Bẹ̀llò máa ń sùn kọjá ìrun àárọ̀. Bí agogo yín bá lè jí i, ẹ ti ràn mí lọ́wọ́." Hàbíbátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mi ò sọ pé rárá lọ́hùn-ún, mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí oòrùn rọ̀, a wọkọ̀ padà. A jáde sójú ọ̀sà gbàgede. Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Bẹ̀llò ti ní kí àbúrò rẹ̀ pa ẹ́ńjìnì. Ó ní, "Ìyá Tiwa, mo ti ní in lọ́kàn pé bí ẹ bá kọ̀, màá máa bẹ̀ yín títí ẹ ó fi gbà. Mi ò ní bẹ̀ yín mọ́. Bí ọmọ yín bá ní òun kò fẹ́, mi ò ní bá a jà, torí mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń tọrọ ni pé kí ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ̀yin fẹ́. Èmi ò bi ìyá mi."

Ọmọ mi, mo bi ara mi níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, èmi alára kò sì bi ara mi rí láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ. Mo wo omi náà, mo wo ọkùnrin tó jókòó níwájú mi tí kò gbójú sókè, mo sì rí i pé mo ti mọ èsì. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Hàbíbátù pariwo "Àlùhàmúdùlíláì!" tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn apẹja fi yíjú wò wá, ó sì tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ dá.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Lẹ́yìn ọdún tuntun, a ó lọ sí kọ́ọ̀tù ní Ṣàgámù, àwa àti ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀. Ilé tirẹ̀ ni a ó máa gbé. Kò ní gbé inú ilé bàbá rẹ, òun gan-an ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó bàbá rẹ ni mo jẹ́ títí òní, mi ò jáwọ́ níbẹ̀. Mi ò kọ̀wé yìí láti tọrọ àyè, mi ò sì kọ ọ́ láti tì ọ́ sẹ́yìn. Mo kọ ọ́ torí pé mo fẹ́ kí o wá. Bí o bá ń sunkún nígbà tí o bá dé, sunkún wá, màá dì mọ́ ọ. Bí o bá fẹ́ bi Ọ̀gbẹ́ni Bẹ̀llò ní ìbéèrè tó le, bi í, ó ní òun ń retí rẹ̀. Ṣáà bi èmi náà. Ohunkóhun tí o bá bi mí, màá dáhùn.

Kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Kí iṣẹ́ rẹ má tán ọ lókun, kí oorun rẹ máa dùn. Kí ayọ̀ tí ìwọ náà ń wá má pẹ́ kó tó dé, kí ó má sì sí ẹni tí yóò dí i lọ́nà. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò sì ní ọmọ méjì,
Yétúndé Akínbọ́lá.

Àfikún: Ẹja gbígbẹ tó wà nínú páálí tí Ìfẹ́dayọ̀ gbé fún ọ, Màmá Sàfúrátù ló fi ránṣẹ́. Ó ní kí n fún ọmọ tó ń bínú. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹja náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, pé o lè jẹ ẹ́ tán kí o sì máa bínú lọ.