Ojúlé Keje àti Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń kùn yẹn ti dákẹ́ díẹ̀? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbúròó ibi lẹ́yìn ara wa, ilẹ̀kùn rẹ kò sì ní di èyí tí àlejò ń fi bàtà kàn. O máa rí ìdí tí mo fi gba àdúrà ìkẹyìn yẹn. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún òun ti fúyẹ́, kò sì fúyẹ́, dọ́kítà ló ń sá fún.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n jókòó sójú kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fà á ya. O mọ Ìyá Tíṣà, tó kọ́ mi ní ìwé kíkọ kó tó kọ́ ìwọ náà. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń ṣe ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń kọ̀wé sára pátákó nínú yàrá iwájú rẹ̀, tó ń tà á fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Àpò mẹ́fà ìyẹ̀fun funfun tó fi ń ṣe é máa ń fara ti ògiri níbẹ̀, a sì máa ń rí i lára irun rẹ̀ bó bá jáde.

Ó dára. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé àdúgbò, ìjọba ní ká kọ nọ́ńbà sára ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ará ìlú ńlá máa ń kà á láti ìkóríta wọlé, bí ẹni ń ka ewúrẹ́. Èmi rò ó pé kò bójú mu kí ọmọ àná tó kọ́lé sí ìkóríta jẹ́ kìíní, kí arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún tó wà nísàlẹ̀ wá jẹ́ ìkẹtàlá. Ọjọ́ orí ni mo tẹ̀ lé. Ẹni tó dàgbà jù ni kìíní, Ìyá Tíṣà ni kejì. Bí ẹnìkan bá kú, gbogbo wa á sún sókè, mo ní ọ̀dà nílé. Ojúlé keje bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin kan tí a ń pè ní Kò-Sí-Nílé, torí ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn bí ènìyàn bá béèrè rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe atẹ́gùn ni àwọn èèyàn ń wá rà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ọ̀dà pupa kọ eéje sára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó tóbi tó orí màlúù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọlọ́pàá mẹ́sàn-án dé pẹ̀lú ìwé àṣẹ pé kí wọ́n lọ wá oògùn olóró ní ojúlé keje. Mo ń gbálẹ̀ níwájú ilé wa. Sájẹ́ǹtì wọn dúró ní ìkóríta, ó na ìka, ó ka ilé láti ọ̀kan dé eéje. Kò wo ara ilẹ̀kùn kankan, n kò sì fẹ́ já lu ìṣirò ẹni ẹlẹ́ni. Ilé Ìyá Tíṣà ni ìka rẹ̀ bà lé, pẹ̀lú eéjì gbàǹgbà lára rẹ̀. Wọn ò kanlẹ̀kùn, wọn ò pe ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ṣí i. Nígbà tí wọ́n rí ìyẹ̀fun funfun àpò mẹ́fà, inú wọn dùn bíi ti ọkọ ìyàwó. Ìyá Tíṣà ní kí wọ́n fi kọ nǹkan sára pátákó wò ná. Sájẹ́ǹtì fi ìdí ìbọn gbá a lọ́wọ́ ọ̀tún, egungun rẹ̀ sì ṣẹ́. Kò-Sí-Nílé, tó wà nílé lọ́jọ́ náà, jáde wá bá wọn gbé àpò sínú ọkọ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní aráàlú rere ni. Ó kó lọ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni àwọn onímọ̀ wọn fi yẹ ìyẹ̀fun náà wò kí wọ́n tó kéde pé ṣọ́ọ̀kì ni ṣọ́ọ̀kì. A dúpẹ́, torí ọkàn wa kò balẹ̀. Àpótí ẹ̀sùn kan wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kùn ún dáadáa. Sájẹ́ǹtì yẹn náà ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ẹ̀sùn má baà sọnù, mo sì rò pé ètò rere ni, ta ló tún mọ ohun tó ṣe jù ú lọ? Àwọn ọ̀gá rẹ̀ mẹ́ta jókòó ṣèwádìí, wọ́n jẹun, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀kùn náà ni kò lágbára tó. Wọ́n fìyà jẹ sájẹ́ǹtì o. Wọ́n gbé e kúrò nínú oòrùn, wọ́n fi í sídìí tábìlì lábẹ́ fáànù. Ìyà náà pọ̀, ó ti sanra.

Ọmọ Ìyá Tíṣà ló fi agídí gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Wọ́n ti dá sájẹ́ǹtì lẹ́bi, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni adájọ́ máa sọ irú ìyà tó máa jẹ. Kóòtù ló fi ìyẹn ránṣẹ́ sórí fóònù tí o rà fún mi, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí n má fèsì. Mo mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kí n náwó ni, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í kí ni ká dákẹ́. Mo fèsì, mo béèrè àlàáfíà adájọ́ àti ti ilé rẹ̀. Wọn ò tíì dá mi lóhùn, mo wá ń rò ó pé bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí ló kù. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn yẹn, sájẹ́ǹtì wá bá mi nílé. Ó pè mí ní Akọ̀wé Àgbà. Ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí, bàbá rẹ pàápàá ṣì ń bi mí bóyá mo mọ oṣù tí a wà. Ó ní kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan, pé ẹ̀rí lásán ni pé mo wà níbẹ̀. Gírámà kún inú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin iná orí. Èmi tí mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo jáde ìwé mẹ́wàá, ojú tì mí láti sọ pé n kò rí i kà. Mo fọwọ́ sí i, mo tún fa ìlà yípo sí ìdí rẹ̀ kó lè jọ ti ènìyàn ńlá. Inú kóòtù ni mo ti gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀, nígbà tí lọ́yà sájẹ́ǹtì kà á sókè: pé mo rí wọn tí wọ́n kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n kí Ìyá Tíṣà, tí wọ́n dúró, àti pé ìyá náà ló yọ̀ ṣubú fúnra rẹ̀. Lọ́yà ní nítorí ẹ̀rí yìí, àti nítorí nọ́ńbà tí akọ̀wé kọ bó ṣe wù ú, kí adájọ́ ṣàánú: kó fún sájẹ́ǹtì ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, kó jẹ́ kó lò ó nínú ilé ara rẹ̀. Mo wo inú ilé tèmi, mo rí i pé mo ti ń lo irú ẹ̀wọ̀n yẹn láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n láìsí adájọ́.

Lánàá mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Tíṣà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n fi ẹ̀dà ìwé náà han òun. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e sún mọ́ ojú, torí ọ̀tún kò tíì lè di nǹkan mú. Mo retí èébú. Ó wò ó títí, ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣì dára. Ọmọ mi, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló di tèmi mú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, títí mo fi lè kọ orúkọ mi. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ́, orúkọ yẹn ni mo sì fi jẹ́rìí pé wọn ò fọwọ́ kàn án.

Ní Ọjọ́bọ̀ n óò dìde níwájú adájọ́, n óò sọ pé ohun tí mo fọwọ́ sí kọ́ ni ohun tí mo rí. Akọ̀wé kóòtù ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá yí ẹ̀rí rẹ̀ padà lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, ti inú ọgbà gan-an, kì í ṣe ti ilé. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ó lè jẹ́ èmi tí mo ń gbálẹ̀ ni ìjọba máa rí mú. Bàbá rẹ ní kí n dákẹ́. Mo ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí ṣáá.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ àlọ ránṣẹ́. Ti àbọ̀, jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí adájọ́ ṣe jí. Má fi gba ti ẹ̀rọ báńkì o, ó gbé káàdì mi mì lóṣù tó kọjá, mo dúró dè é títí ìrọ̀lẹ́ kó lè pọ̀ ọ́, kò pọ̀ ọ́. Kí o sì ra gíláàsì ojú fún mi, èyí tó lágbára.

Ọlọ́run á fún ọ ní ojú tí yóò ríran, ọwọ́ rẹ kò ní kọ ohun tí ẹnu rẹ kò lè sọ. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ á mọ ilé rẹ, àwọn tó bínú sí ọ á ṣì í kà.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ka lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí i.