Ẹ̀yìn Ìwé Lẹ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Dádì mi àtàtà,

Ilé yín ní Ìrókò ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, lórí tábìlì tí ẹ máa ń gbé rédíò lé. Oṣù mẹ́ta ti kọjá tí a ti sin yín. Àwọn ará ìjọ ò wá mọ́, mi ò sì bá wọn wí, oníkálùkù ló ní tirẹ̀. Ó ku èmi àti ewúrẹ́ Ìyá Àdùkẹ́, aládùúgbò wa, tó ń wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ẹ̀yin ì bá ti ju bàtà lù ú. Èmi jẹ́ kó dúró, torí ó ń mí.

Mo ti Olódò wá kí n lè palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Aṣọ yín ò pa mí lẹ́kún. Páálí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló pa mí lẹ́kún, torí ìwé àwòrán tó wà nínú rẹ̀, èyí tí ará Jàpáánì tó wá ṣèwádìí iṣu ní ọ́fíìsì yín fún yín nígbà tó ń padà sílé.

Ṣé ẹ rántí? Ọmọdé kan máa ń jókòó sínú àyà róbọ́ọ̀tì tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, àwọn méjèèjì á jọ máa bá ọ̀tá jà. Èdè Jàpáánì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú wa. Síbẹ̀, lọ́sàn-án Sátidé, tí mo bá ti fọ yunifọ́ọ̀mù mi sá, ẹ ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó lá ìka yín kí ẹ tó ṣí ewé, ẹ ó sì máa kà á fún mi bí ẹni ń ka Bíbélì. Ẹ̀yin lẹ sọ róbọ́ọ̀tì náà ní Bọ̀ọ̀dá Irin. Bọ̀ọ̀dá Irin kì í bá àgbàlagbà jà láìkọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí i. Tó bá sì ti dọ̀bálẹ̀ báyìí, ilé á wó lulẹ̀ ní odindi àdúgbò, á wá máa bẹ àwọn onílé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí n ó fi já bọ́ lórí àga.

Mo ṣì mọ ìtàn náà bí ẹ ṣe kà á. Níbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà dá jókòó lórí ọwọ́ irin tó ti kán, láàárín pápá, ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni àwọn irin bẹ̀rẹ̀ sí í to ara wọn jọ. Bọ̀ọ̀dá Irin dìde, wọ́n jà títí, iná tó ń jó ìlú kú, àwọn ilé tó wó tún dìde. Nígbẹ̀yìn, ọmọ náà wọlé, bàbá àti ìyá rẹ̀ sì ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ dè é. Ẹ ó wá pa ìwé dé, ẹ ó ní kí n lọ ká aṣọ mi kí òjò tó dé.

Ọdún tí Mọ́mì kú lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi. Mi ò ro ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ rí.

Ibi tó kàn yìí ni mo ti ń sá fún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà, mo wá sílé fún ìsinmi. Ọmọ kíláàsì mi kan ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sì fi hàn mí pé ibi tí àwa ń pè ní ẹ̀yìn ìwé ni iwájú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáánì. Bàbá Ìjọ àti tíṣà méjì wà ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Mo gbé ìwé jáde, mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú wọn: “Dádì, ẹ̀yìn ìwé lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ yìí o! Ẹ̀yin tí ẹ ń to fáìlì ní ọ́fíìsì!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, “Ó dáa náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwé ti yé ọ jù mí lọ.” Láti ọjọ́ náà ẹ ò kà á mọ́, èmi náà ò sì ní kí ẹ kà á. Mo rò pé mo ti dàgbà.

Ikán ti jẹ etí kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí ẹ fi bo ìwé náà, bí ẹ ti máa ń bo gbogbo ìwé ilé-ìwé mi. Mo ní kí n ṣí i kúrò. Lábẹ́ rẹ̀, ará Jàpáánì yẹn ti fi báírò ya ọfà sí èèpo ìwé, lápá tí àwa ń pè ní ẹ̀yìn, ó sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà pé ibí ni kí ọ̀rẹ́ òun ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ yín wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sì fi kàlẹ́ńdà bò ó.

Dádì, ṣé ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ tó fún yín ni?

Lánàá, mo kà á bí ọfà náà ṣe wí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sídìí oúnjẹ. Iná jó ìlú. A ò rí ìyá nínú àwòrán mọ́. Nígbà tó yá, a ò rí bàbá náà mọ́. Ọmọ náà ń jà, ó ń jà, títí Bọ̀ọ̀dá Irin fi fọ́ yángá, tó wá ku òun nìkan lórí ọwọ́ irin. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lẹ kà á fún mi lọ́dún yẹn, báwo ni ǹ bá ṣe rí oorun sùn?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹ jẹ́ kí n sọ yín di òpè lójú àlejò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ̀ bá sọ, ẹ̀rín ì bá kúrò lẹ́nu gbogbo wa. Ẹ ò sọ ọ́. Ọdún mélòó lẹ fi gbé e sínú? Ṣé ẹ̀ ń dúró kí n bi yín ni? Mo wá sílé ní Kérésì, mo wá ní Àjíǹde, mo jẹ iyán, mo tẹ fóònù, mo lọ. Mi ò bi yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Kò sẹ́lòmíì tí mo lè bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nírọ̀lẹ́ yìí mo tún kà á, bí tiyín. Mo kà á sókè nínú pálọ̀, ohùn Bọ̀ọ̀dá Irin lẹ́nu mi ò sì jọ tiyín rárá. Lẹ́yìn náà mo wá kàlẹ́ńdà tí mo lè fi bò ó padà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nílé, èyí tí a tẹ̀ fún ìsìnkú yín. Mo gé e, mo bo ọfà náà. Mo jẹ́ kí àwòrán yín wà lápá ibi tí ẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí n lè máa kọ́kọ́ rí yín kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó dá jókòó.

Èmi ni,
ọmọ yín kan ṣoṣo, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe sọ fún yín lọ.