Wọ́n Ń Jókòó Lórí Yín, Bàbá Mi

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín láti inú ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Shango, ní ọ̀sán tí òjò ṣú tí kò sì rọ̀. Mi ò lè wá kí yín lórí ibojì yín mọ́, nítorí pé kò sí àyè fún mi níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ti jókòó kún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí já yín láyà. N ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹ ṣe kọ́ mi láti máa to ọ̀rọ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí ọmọ yín ọkùnrin ṣe, kí ẹ sì mọ ohun tí èmi náà fẹ́ ṣe.

Ẹ ti lọ kí nǹkan yìí tó dé. Ní ayé yín, rédíò ni. Ẹ máa ń gbé e sí ojú fèrèsé, ẹ ó fi áńkáṣíìfù nu ojú rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ, ẹ ó wá máa yí irin orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yóò fi já gaara. Bí ó bá já gaara tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba iwájú fèrèsé kọjá mọ́. Nísinsìnyí, àwo pẹlẹbẹ kan ni, kò tóbi ju àtẹ tí Màmá fi ń fẹ́ ìrẹsì lọ. Wọ́n á gbé e síta, yóò kọjú sí òkè, yóò sì máa bá àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n jù sí ojú ọ̀run sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ ni íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń wá, láìsí òpó, láìsí wáyà. Ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn, a máa ń rí àwọn ẹ̀rọ náà tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n ń kọjá lókè Tudun Wada bí fìtílà àwọn tó ń gbé òkú lọ. Wọn kì í dún. Àwọn ìyá àgbà á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá nǹkan náà. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ rà á ní ẹsẹ̀ títì ṣọ́ọ̀bù mi, nígbà tí ó sú mi pé kí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà máa fi katakátá gé wáyà inú ilẹ̀ ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Iṣẹ́ tó ń ṣe pọ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà ní abúlé tí kò ní òpó fóònù ń fi àwòrán egbò aláìsàn ránṣẹ́ sí dókítà nínú ìlú. Àgbẹ̀ tí ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń bà lè béèrè bí ọ̀nà ṣe rí kó tó gbé ọkọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kejì ti wá bá ti àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹ̀kẹta ń bọ̀, olúkúlùkù sì ń kéde pé tòun ló yára jù. Ẹ̀yin tí ẹ rí bí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ṣe gba ẹrù mọ́ rélùwéè lọ́wọ́, ẹ mọ̀ pé bí àwọn alágbára bá ń du ọ̀nà, ẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọn yóò tẹ̀.

Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, ra tirẹ̀ sí ilé yín. Ó fẹ́ máa ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún àdúgbò ní wákàtí wákàtí. Ìyẹn kò burú; ó ti pẹ́ tó ti wà láìníṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwo náà kì í fẹ́ kí ohunkóhun dí òun lójú. Igi máńgòrò tí ẹ gbìn bo apá kan ilé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò bo apá kejì. Wọ́n gbé fóònù yí gbogbo àgbàlá ká, wọ́n ń wá ibi tí ojú ọ̀run ti ṣí. Ibì kan ṣoṣo ló ṣí gbayawu, ibẹ̀ náà sì ni orí ibojì yín.

Bọ̀dá ní òun kò lè gé igi. Ó ní igi Bàbá ni, ọwọ́ òun kò ní gbé e. Ó dá igi yín sí, ó wá ní kí wọ́n lu ihò sí ibi orí yín.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbé oògùn Màmá lọ, tí mo bá Sani lórí ibojì yín pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu sìmẹ́ńtì. Sani ń gbé ní Fadikpe. Òun ló bá mi gbé àwo tèmi náà kọ́, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kì í purọ́. Ó kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo bi í léèrè ìdí tó fi yan ibẹ̀.

“Wallahi, Anti, dakalin nan yana da ƙarfi,” ló wí. Ó fi ẹsẹ̀ gbá a kí n lè rí i pé ó lágbára, pé ìjì kò ní mi àwo náà.

Dakali! Ẹ̀yin náà mọ dakali, ìjókòó alámọ̀ tàbí oní-sìmẹ́ńtì tí àwọn Hausa máa ń mọ sí ẹnu ọ̀nà ilé, níbi tí ẹ ti máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ yín ṣeré ní àṣálẹ́. Mùsùlùmí ni Sani. Ní tiwọn, òkú kì í sùn sínú àgbàlá. Itẹ́ òkú ni wọ́n ń gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ohun tí a fi táìsì lẹ̀ láàárín ilé jẹ́ bàbá ẹnìkan? Ṣùgbọ́n orúkọ yín wà níbẹ̀, Sani sì mọ̀wé. Mo wo apá orí. Táìsì tuntun ni wọ́n lẹ̀ mọ́ òkúta orúkọ yín. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n ti bo orúkọ yín mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó pe oníṣẹ́.

“Sani, kabari ne,” ni mo sọ fún un, pé ibojì ni. “Bàbá mi ló wà nínú rẹ̀.”

“Inna lillahi! Ki yi haƙuri, Anti, ban sani ba! Oga ya ce dakali ne!”

Ó bẹ̀ mí, ó ní òun kò mọ̀, pé ọ̀gá ló sọ fún òun pé dakali ni. Ó fò sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé sìmẹ́ńtì náà ń jó o lẹ́sẹ̀. Ó ti ń wá irin tí yóò fi tú àwo náà kúrò nígbà tí Bọ̀dá jáde síta.

“Ẹ̀ńjiníà Pólì ti dé! Kí ló tún bàjẹ́ ní Nàìjíríà?” Láti ìgbà tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólítẹ́kíníìkì ni Bọ̀dá ti ń fi orúkọ yẹn ṣe mí lẹ́fẹ̀ẹ́.

“Ẹ káàsán, sà. Ta ni ẹ sọ fún Sani pé ó jẹ́ dakali?”

“Ṣé kí n sọ fún un pé òkú ni? Ṣé yóò gbà láti lu ú?”

“Ẹ mọ̀ pé kò ní gbà. Ìdí tí ẹ fi purọ́ fún un nìyẹn.”

“Àbúrò, fara balẹ̀. Ṣebí Bàbá fẹ́ràn ìròyìn? Ní báyìí, gbogbo ìròyìn ayé ló ń gba orí rẹ̀ kọjá.”

Ó rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú sí Màmá. Láti ìgbà tí Bísí, àbíkẹ́yìn yín, ti lọ sí ìlú Òyìnbó, ojú rẹ̀ kì í hàn lórí fóònù láìfọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwo yìí, tí wọ́n ti ń dán wò níbẹ̀ kí Sani tó wá kàn án mọ́lẹ̀, kó o jọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Màmá á gbé àpótí rẹ̀ sí ibi ẹsẹ̀ yín, á na fóònù síwájú, á sì máa pariwo pé, “Ẹ wo eyín ọmọ mi! Ẹ wò ó, eyín rẹ̀ pé!” Ǹjẹ́ mo lè ní kí wọ́n tú u? Mo sọ fún Bọ̀dá pé n ó ra páìpù gígùn, n ó rì í mọ́ igun ilé fúnra mi, yóò sì gbé àwo náà ga ju igi máńgòrò lọ.

“Ta ni yóò wá jókòó sórí páìpù?” ló bi mí.

Ìgbà náà ni mo tó lóye rẹ̀. Kì í ṣe ojú ọ̀run nìkan ni Bọ̀dá ń wá. Ó ń wá ibi tí àwọn oníbàárà yóò gbé ìdí lé.

Wọ́n sì gbé e lé e. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, àwọn ọmọ Yorùbá tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju èdè bàbá wọn lọ, sọ ibẹ̀ ní Dakalin Nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá béèrè ilé yín lónìí, orúkọ yẹn ni yóò gbọ́. Wọ́n ń da èèpo ẹ̀pà síbi àyà yín. Nígbà tó yá, Tàjù, ará Ìlọrin tó wà ní òdìkejì títì, gbé àwo ilé iṣẹ́ kejì kọ́, ó to àga, ó na agbòòrùn.

“Ẹ bọ́ síbí o!” ni Tàjù ń pè. “Àga wà, òjìji wà, tèmi kì í wọ́!”

“Àga rọ́bà lásán-làsàn!” ni Bọ̀dá dá a lóhùn. “Ẹ wá jókòó sórí sìmẹ́ńtì gidi!”

Gbogbo títì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ni sìmẹ́ńtì gidi náà, Bàbá.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo gbé hámà àti irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ lọ síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sún díẹ̀. Mo ṣí táìsì náà. Ọmọbìnrin kan ka orúkọ yín sókè, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ kó tó kà á tán. “Kabari ne?” ni ẹnìkan béèrè. Wọ́n dìde. Ẹnìkan gbàdúrà sábẹ́ ètè, wọ́n sì sọdá sọ́dọ̀ Tàjù lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo gbá èèpo ẹ̀pà, mo fi ọṣẹ fọ̀ yín. Mo rò pé ó parí.

Kò parí. Ọ̀dọ̀ Tàjù kún jù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ sì ń falẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ yín. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé báàgì rẹ̀ lé yín. Kí oòrùn tó wọ̀, ó jókòó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń wò ó, òun náà wò mí.

“Anti, ina wuni?” Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ló fi kí mi. Ó sì ká ẹsẹ̀ kan kúrò lórí orúkọ yín.

Ohun tó kù fún yín nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ibẹ̀ ti kún, gbogbo wọn sì ń ká ẹsẹ̀. Nígbà tí wọn kò mọ̀, mo lè pè é ní àṣìṣe. Ní báyìí tí wọ́n mọ̀, kí ni kí n pè é? Àwọn ọmọ Bọ̀dá jókòó láàárín wọn. Wọ́n ń wo bí ènìyàn ṣe ń ṣe sí bàbá rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ yìí ni wọn yóò fi sin Bọ̀dá náà, kò sì tíì rò ó débẹ̀.

Nítorí àga Tàjù, Bọ̀dá ní òun yóò fọ́ ohun tó yọ sókè lára ibojì náà, òun yóò fẹ̀ ẹ́ dé apá òsì yín, kí àyè àwo kejì lè wà. Apá òsì náà ni ẹ sọ fún wa pé ó jẹ́ ti Màmá.

Nígbà náà ni mo sọ ohun tí mi ò rò pé ẹnu mi lè sọ. Mo ní kí a hú yín, kí n gbé yín lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ fún àwọn àgbà Ọ̀fà tí wọ́n fẹ́ kí a sin yín sí ìlú baba yín, tí ẹ ní ibi tí ẹ fi ọwọ́ ara yín to búlọ́ọ̀kù ni Ọ̀fà tiyín! Mo retí pé Bọ̀dá yóò bínú. Mo fẹ́ kó bínú.

“O gbọ́n!” ni Bọ̀dá wí kí n tó sọ̀rọ̀ tán. “Ibẹ̀ tutù. Yóò sinmi dáadáa.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Màmá gbọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, Bísí sì wà nínú rẹ̀, ó ń dúró. “Èmi ńkọ́?” ni Màmá béèrè. “Níbo ni ẹ ó sin èmi sí?”

Bọ̀dá ń wo iná ara àwo náà. Kò yíjú padà. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ ikú níwájú àwọn kọ́sítọ́mà.”

Mo ti lọ bá àwọn tó ń bójú tó itẹ́ òkú. Àyè méjì ni mo gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mi ò sì tíì sọ èyí fún Màmá. Sátidé ni a óò gbé yín. N ó wà níbẹ̀ ṣáájú àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ọkọ́, ẹ má ta gìrì. Èmi ni mo rán wọn. Bí a bá ń jáde ní ẹnu géètì, ẹ má wẹ̀yìn.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín jù,
tí yóò lé yín jáde nílé tí ẹ kọ́.